Àwọn Ẹranko Ìríra Orí Tábìlì Wa

Màlúù ni mo kọ́kọ́ pè é. Ó ní ìrù, ó ní pátákò, ó ní ìwo méjì tó ká wọnú, gọ̀gọ̀ ẹṣin sì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn ọdẹ ń lé e bọ̀ pẹ̀lú ọ̀kọ̀, wọ́n gbé asà síwájú. Ẹranko náà kò sá, kò sì kàn wọ́n. Ìdí ló yí sí wọn. Ohun tó jáde níbẹ̀, ẹni tó ya àwòrán náà fi ọ̀dà kùn ún dáadáa, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó tú jáde bí omi inú páìpù tó bẹ́, ó sì bo àwọn ọdẹ náà láti orí dé àyà. Ṣíọ̀! Mo ti ìwé náà síwájú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹun tán ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́ kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Nǹkan tètè máa ń rí mi lára. Láti kékeré ni. Tí ẹnìkan bá fọn ikun nítòsí oúnjẹ mi, mo ti jẹun tán nìyẹn. Irun orí kan ṣoṣo nínú ọbẹ̀ ti tó láti sọ mí di aláàwẹ̀. Ọlọ́run tó mọ̀ mí bẹ́ẹ̀ ló wá fi mí sí ilé ìfọṣọ ńlá kan ní River Road, níbi tí wọ́n ti ń kó aṣọ ibùsùn àwọn òtẹ́ẹ̀lì wá. Ohun tí àwọn èèyàn máa ń fi sílẹ̀ sórí aṣọ ibùsùn tí kì í ṣe tiwọn, ẹ má bi mí. Ìbọ̀wọ́ méjì ni mo máa ń wọ̀ léra wọn. Àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀, wọ́n ní àfi bíi pé ààfin ni wọ́n bí mi sí. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ.

Ọkọ mi kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Tírélà ló ń wà, láti Dagenham Dock lọ sí gbogbo ibi tí títì dé nílùú òyìnbó yìí. Ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi yí táyà ló lè fi jẹ búrẹ́dì láìfọ̀ ọ́. Ẹlẹ́nu ni. Èkìtì ni wọ́n bí i sí, Ìjẹ̀bú ni èmi, ó sì máa ń sín èdè mi jẹ títí n ó fi bínú dìde kúrò nídìí oúnjẹ. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, níbi tí a ti ń wọ sùtánà funfun tí a sì ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, òun ni wọ́n máa ń ní kó ka ẹ̀kọ́ kíkà lédè Yorùbá, nítorí pé ohùn rẹ̀ ń dé ẹ̀yìn láìlo ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ kọlù láàárọ̀ ọjọ́ kan nílé ìwẹ̀. Ìgbà tó máa fi ti ọsibítù dé, apá ọ̀tún rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, gbogbo ọ̀rọ̀ tó mọ̀ láyé sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ẹyọ kan ló kù sí i lẹ́nu. "Lọ́la."

Ṣé ẹ máa mu tíì, Dádì? Lọ́la. Ṣé orí ń fọ́ yín ni? Lọ́la. Kí lẹ fẹ́ kí n wọ̀ fún yín? Lọ́la. Mo máa ń rí i lójú rẹ̀ pé kì í ṣe ohun tó fẹ́ sọ nìyẹn. Òun náà ń gbọ́ ara rẹ̀. Ojú á tì í, á fi ọwọ́ òsì gbá tábìlì, itọ́ á sì máa ṣàn láti igun ẹnu tó wọ́ yẹn wá sí àgbọ̀n rẹ̀. Èmi ni mo ń nù ún. Kíá ni mo máa ń nù ún, pẹ̀lú tísù tí mo ká po, màá sì gbé ojú mi síbòmíràn.

Ọ̀dọ́mọbìnrin òyìnbó kan ni wọ́n ń rán wá sílé wa ní Eastbury. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn bí wọ́n á ṣe tún máa sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Àmọ́ káàdì tó máa ń gbé wá! Ápù. Ife. Bọ́ọ̀lù. Ọmọ ọwọ́ tó di fèrè mú. Á gbé e síwájú ọkùnrin tó ti wa tírélà kọjá nínú yìnyín, á ní, "Kí nìyí?" Ọkọ mi á wo ápù, á wò mí, á wá kọjú sí ògiri. Nígbà tó yá, kò tiẹ̀ sọ "lọ́la" fún un mọ́. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọwọ́ gbá gbogbo káàdì náà dà sílẹ̀. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà ṣà wọ́n, kò bínú. Ẹnu ọ̀nà ló ti wá sọ fún mi pé ìbẹ̀wò òun kò ní pẹ́ parí. Bí kò bá sí ọ̀rọ̀ tuntun kankan lẹ́nu ọkọ mi títí di ìgbà yẹn, wọ́n á gbà pé ibi tó máa dúró sí nìyẹn, wọ́n á sì gbé àyè rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ṣé "lọ́la" lẹnu ọkọ mi á wá máa sọ títí ayé ni?

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo fi àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì í lọ sí Barking. A yà ní sọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ta àlòkù, mo fẹ́ wo ẹ̀wù òtútù. Ìgbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn, ìwé ńlá kan ti wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ òsì ṣí i. Àwòrán ẹranko ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Wọ́n dà wọ́n kọ láti inú àwọn ìwé tí àwọn òyìnbó ń fi ọwọ́ kọ láyé ọjọ́un, kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dáyé. Sórí awọ ni wọ́n sì ń kọ wọ́n. Awọ ọmọ màlúù, awọ àgùntàn! Awọ òkú ẹran ni wọ́n na, tí wọ́n fá, tí wọ́n wá ń kọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run sí. Mo ní kó dá a padà síbi tó ti mú un. Ó di ìwé náà mú gírígírí. "Lọ́la!" ló wí, ohùn rẹ̀ sì le bí ìgbà tó máa ń bá àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà. Ni mo bá sanwó.

Bí màlúù tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ṣe dé orí tábìlì ìjẹun wa nìyẹn. Wọ́n kọ orúkọ ẹranko kọ̀ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì sábẹ́ àwòrán rẹ̀, mo sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo orúkọ náà. Mo ní, "Dádì, kí nìyí?" Mi ò retí nǹkan kan. Ọkọ mi wo àwọn ọdẹ yẹn, ó wo ìdí ẹranko náà, èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ẹ̀rín ni! Mo ti gbàgbé bí ẹ̀rín rẹ̀ ṣe rí. Ó rín in títí omijé fi jáde lójú rẹ̀, ó nàka sí i, ẹnu rẹ̀ yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, ó wá bú jáde.

"Ìgbẹ́!"

Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Mo ń sunkún, mo sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run rí fi dá ọkọ mi lóhùn nínú gbogbo ọ̀rọ̀ Yorùbá nìyẹn! Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Dádì, ìgbẹ́ ni. Ẹ tún un sọ." Ó tún un sọ. Àwọn ará ilé kejì á ti gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ti ti ibi iṣẹ́ dé lọ́sàn-án, tí mo sì ti fọ ọwọ́ mi dáadáa, ìwé náà la máa ń ṣí. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwọn tó ya àwòrán yẹn kò rí púpọ̀ nínú àwọn ẹranko náà rí. Ìròyìn wọn ni wọ́n gbọ́. Ẹnìkan ya erin, ó fi fèrè àwọn sójà ṣe imú rẹ̀, ó fi pátákò màlúù sí i lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn ya ọ̀nì tó ní etí ajá. A máa ń tẹrí ba sórí rẹ̀, èmi á máa tú ẹ̀yà ara rẹ̀ wò: ìrù ta nìyí, eyín ta nìyẹn, ṣé orí ilẹ̀ ló ń gbé àbí inú omi? Bí mo bá pè é láṣìṣe, ọkọ mi á mi orí. Òun mọ̀ ọ́n, orúkọ rẹ̀ ni kò rí pè. Á máa fi ọwọ́ òsì júwe rẹ̀ títí yóò fi rẹ̀ ẹ́.

Ìríra tó sì wà nínú ìwé yẹn, ẹ gbà mí! Ológbò kan gbé ẹsẹ̀ sókè, ó ń lá ìdí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúrà tí wọ́n fi wúrà kọ. Nínú ìwé àdúrà o! Òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí asín, ẹnu ló ń gbà bímọ, ọmọ náà ti yọrí láàárín eyín ìyá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, kí ló ń ṣe yín gan-an?" Òmíràn tún wà tó ní ìrù ẹja. Ọdẹ ń lé e, ló bá tẹrí ba, ó ń fi eyín ara rẹ̀ gé ẹpọ̀n ara rẹ̀ kó lè jù ú fún ọdẹ, kó sì ráyè sá lọ. Ọkọ mi sáré fi ọwọ́ òsì bo iwájú ṣòkòtò rẹ̀. "Rárá!" ló wí. Ọ̀rọ̀ tuntun mìíràn nìyẹn. Títí di òní, mi ò mọ orúkọ ẹranko yẹn ní Yorùbá, mi ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n.

Èyí tó burú jù ni ọ̀kan tó gun orí pósí tó ṣí sílẹ̀, tó ń fa òkú inú rẹ̀ jẹ láti ikùn. Ojú òkú náà là sílẹ̀. Mo pa ìwé dé. Ọkọ mi tún un ṣí. Ó tẹ ìka mọ́ ẹranko náà, ètè rẹ̀ ń wá ọ̀rọ̀ kiri, itọ́ ń kán sórí ìwé, títí ó fi jáde: "Ìkookò." Mo ṣí ọwọ́ kúrò lórí orúkọ, òun náà ni. Ìgbín nìkan ni kò rí mi lára nínú gbogbo wọn. Ó tóbi tó ewúrẹ́, sójà tó wọ irin látòkè délẹ̀ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́. Ọkọ mi wo ìgbín náà, ó lá ètè, ó ní, "Ata." A rẹ́rìn-ín títí.

Itọ́ yẹn ńkọ́? Bí ọ̀rọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i ni itọ́ ń pọ̀ sí i, nítorí pé ẹnu ń ṣiṣẹ́. Mo máa ń nù ún, màá sì yára bú ẹranko tó bá wà níwájú wa. "Ẹ wo bí eléyìí ṣe dọ̀tí!" "Tọ̀hún ń rùn dé ibi tí mo jókòó sí!" Bẹ́ẹ̀, ìtọ̀ inú ike ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dà nù kí n tó wá jókòó. Ó rọrùn fún mi láti bú ẹranko. Ọkọ mi á máa wò mí bí mo bá ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé àwa méjèèjì la jọ ń bú wọn.

Ìyá ìjọ wa wá gbàdúrà fún un lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n sì bá ìwé náà lórí tábìlì. Kìnnìún tó ní ojú èèyàn àti eyín bí ayùn ló wà níbi tí a ṣí i sí. Màmá tẹ̀ sẹ́yìn. "Kí lẹ gbé wọlé yìí? Aláìsàn wà nílé, ẹ tún lọ pe àǹjọ̀nú wá bá a jókòó?" Wọ́n ní kí n lọ sun ún. Ká sòótọ́, ó ti pẹ́ tí ọwọ́ mi ti ń yún mi láti sun ún. Àmọ́ mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ìwé yẹn ló ń kọ́ wọn lọ́rọ̀." Màmá ní ọ̀rọ̀ wo ló ti kọ́ wọn. Ọkọ mi ṣí ìwé padà síbi màlúù yẹn, ó nàka sí ìdí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Màmá ketekete. Màmá bu omi àdúrà, wọ́n wọ́n ọn yí gbogbo pálọ̀ ká.

Ìbẹ̀wò tó kẹ́yìn wá dé. Mo ti wọ aṣọ tó mọ́ fún un, mo ti fá irùngbọ̀n rẹ̀. Mo sọ fún ọ̀dọ́mọbìnrin náà pé kó jẹ́ ká gbé káàdì tì, kó lo ìwé wa. Ó gbà. Ó ṣí i síbi ẹṣin funfun kan tí ìwo gígùn kan yọ níwájú orí rẹ̀, tó gbé orí lé itan wúńdíá kan. Èyí kò burú lójú, àyàfi ẹ̀jẹ̀ tó ń dà ní ìhà rẹ̀, níbi tí ọdẹ ti gún un. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bo orúkọ. "Kí nìyí?"

Ọkọ mi wò ó pẹ́. Mo ń gbàdúrà nínú. Nígbà tó máa sọ ọ́, kò já, kò wọ́, ohùn tó fi ń kàwé ní ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ni.

"Àgbáǹréré."

Mo pàtẹ́wọ́. Ọ̀dọ́mọbìnrin náà bi mí pé kí ló túmọ̀ sí. Mi ò rò ó rárá, mo ní ẹranko aláwọ̀ líle inú ọgbà ẹranko ni, èyí tí ìwo wà lórí imú rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, fóònù náà sọ ohun tí mo sọ. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ọkọ mi, irú èyí tí wọ́n máa ń rín fún ọmọ tó ṣubú. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dára, àmọ́ ẹranko mìíràn ni, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkọ mi gbá tábìlì. "Àgbáǹréré!" Kì í ṣe ẹṣin náà ló nàka sí mọ́. Sùtánà rẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ló ń nàka sí.

Ni ojú mi bá là. Yéè! Èmi ni mo ṣì í, òun kò ṣì í! Nínú Ìwé Mímọ́ tí wọ́n tú sí Yorùbá láyé àtijọ́, ibi tí Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ bá ti sọ̀rọ̀ ẹṣin oníwo kan yìí, àgbáǹréré ni tiwa pè é. Irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa, ni wọ́n bá fún un lórúkọ ẹranko oníwo tí àwọn baba wa mọ̀. Àìmọye ìgbà ni ọkọ mi ti kà á sétí ìjọ. Mo sáré kó Ìwé Mímọ́ méjèèjì sílẹ̀, ti Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, mo tẹ́ wọn síwájú ọ̀dọ́mọbìnrin náà, mo fi ìka tẹ ẹsẹ kan náà nínú méjèèjì. "Ẹ kà á! Ẹ kà á sókè!" Ó kà á. Ó wo ọkọ mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa ohun tí ẹ kọ yẹn rẹ́." Mo mọ̀ pé ohùn mi ti ga jù, mi ò sì bìkítà. Ó pa á rẹ́. Ó ṣí ojú ewé mìíràn, ó tún ṣí òmíràn, ọkọ mi sì ń dá a lóhùn. Kó tó lọ, ó fóònù ọ̀gá rẹ̀ lójú wa. Wọ́n gbà pé ìbẹ̀wò kò ní dáwọ́ dúró.

Mo sìn ín dé ẹnu géètì, mo padà wọlé, ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi fò. Mo jókòó ti ọkọ mi, mo ń ṣí ìwé náà láti ibì kan dé ibì kan, ẹnu mi kò sì dúró. "Ẹ wo olórí burúkú yìí, Dádì, ó ń rí mi lára. Ẹ wo èyí tó ń fi ẹnu bímọ, ṣíọ̀, òun gan-an ló rí mi lára jù. Àbí ìkookò yìí ni?" Ó ti rẹ̀ ẹ́, itọ́ ti dé àgbọ̀n rẹ̀. Mo na ọwọ́ mú tísù, mo sì ti ń gbójú kúrò.

Ó fi ọwọ́ òsì bo ojú ewé náà.

"Èmi ńkọ́?"

Ó kọ́kọ́ ṣe mí bíi pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Kò tíì bi mí ní ìbéèrè kankan láti ìgbà tó ti ṣubú nílé ìwẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí ìyàwó dáhùn, ó wà lẹ́nu mi, ó dùn, mo fẹ́ sọ ọ́. Àmọ́ ó ń wò mí lójú, ó sì mọ irọ́ mi ju ẹnikẹ́ni lọ.

Mo ní, "Nígbà mìíràn." Mo gbé tísù náà sílẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni."

Ó mi orí pé òun gbọ́. Ó ṣì ní nǹkan tó fẹ́ sọ, ẹnu rẹ̀ ń wá a, mo sì dúró dè é. Ó gbé ọwọ́ òsì kúrò lórí ìwé, ó fi kan apá ọ̀tún tó wà lórí itan rẹ̀, tí kò lè gbé.

"Èmi náà," ló wí. "Ó ń rí mi lára."